Ilé Àgùdà tó ń jò ní Òpópónà Bámgbóṣé: kí a tún un ṣe, tàbí kí a jẹ́ kí wọ́n wó o?

Ìbéèrè:

Ìyá mi ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́fà tí bàbá wọn bí sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òpópónà Bámgbóṣé, ní Pópó Àgùdà. Bàbá ńlá wọn tó ti oko ẹrú ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsílì, padà dé ló kọ́ ọ. Páànù rẹ̀ ń jò, ògiri ẹ̀yìn ti yọ ikùn, yàrá mẹ́ta sì ti wà tí ẹnikẹ́ni kò lè sùn sí mọ́. Ọkùnrin kan tó máa ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí láti fi kọ́ fúláàtì ti wá bá olórí ẹbí wa. Ó ní òun yóò wó ilé náà, òun yóò kọ́ alájà márùn-ún sí ojú rẹ̀, ẹbí yóò sì gba fúláàtì mẹ́rin níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Àwọn àbúrò wọn ní ilé ìtàn ni, ìjọba kò sì ní gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti la irú rẹ̀ kọjá, kí ni ènìyàn ń fi ilé ìtàn tó ń jò ṣe?

* * *

Arábìnrin mi, bíríkìlà ni bàbá mi, Láfíàjì ni a sì ń gbé. Títún ilé àwọn Àgùdà ṣe ló fi lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, èmi náà sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ṣe é títí orúnkún mi fi kọ àkàsọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dáhùn.

Ohùn méjì ni mo máa ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀. Àwọn kan á ní kí ìjọba kéde ilé náà ní ohun ìrántí, kí wọ́n kan àkọlé mọ́ ọn, pé bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tún lè fọwọ́ kàn án. Àwọn kejì á ní ẹni tí òjò ń pa lórí ibùsùn kò ní ohun tí ó fẹ́ fi ìtàn ṣe, kí wọ́n wó o kí ara lè tù wọ́n. Mo mọ ohun tí ìhà méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú wọn, Ilojo Bar ló sì kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ẹbí Fernandez ló kọ́ ilé yẹn sí Tinúbú ní nǹkan bí ọdún 1855, fún ọtí àti oúnjẹ títà. Àwọn kan ń pè é ní Casa do Fernandez. Ní ọdún 1933, Alfred Omolana Ọláìyá rà á. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n wó o lulẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: odidi 60 ọdún ni ilé náà fi wà lábẹ́ ààbò òfin, síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́ di òkìtì. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọwọ̀n rẹ̀ dúró, àwọn ẹnu ọ̀nà rìbìtì wọ̀nyẹn dúró, ṣùgbọ́n ìrẹ́lé ara rẹ̀ ń ṣí kúrò lábala lábala, igi inú rẹ̀ sì ti dúdú nítorí omi. Ẹni tó bá wò ó dáadáa ti mọ̀ pé ilé náà ti ń kú kí ẹnikẹ́ni tó gbé kátapílà wá.

Nítorí náà, kí a tó béèrè bóyá ìjọba yóò gbà tàbí kò ní gbà, ìbéèrè tí èmi yóò kọ́kọ́ bi ẹbí yín ni pé: ta ni ó gun òrùlé yẹn kẹ́yìn, ọdún wo sì ni?

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Sùúrùlérè ní kí n má gbé ẹ̀bi ka ẹbí lórí, nítorí pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ilé wíwó kọ́ àwọn ará Èkó. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí àwọn ọmọdé tó ń ka èyí mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn àrùn tí eku ń tàn ká tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928, èyí tí àwọn òbí wa mọ̀ sí LEDB (Lagos Executive Development Board), láti tún ìlú ṣe. Ní ọdún 1955 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Bàbá àgbà ẹni tó kọ̀wé yìí wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ó ní títí ó fi kú, kò yéé pe ilé tuntun rẹ̀ ní “ibi tí wọ́n kó wa wá”, àti pé ìyá òun àgbà tó ń ta aṣọ ní Èkó pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀ nítorí owó ọkọ̀.

Mo gbà gbogbo èyí. Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tó ti sọ pé nígbà tí wọ́n ti wó tó bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó kù tí a fẹ́ dáàbò bò. Ó kù. Ilé Omi ti ẹbí Da Rocha, tí João Esan da Rocha kọ́ nígbà tó ti Bràsílì dé, wà ní Òpópónà Kákàwá. Kànga tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta omi fún ará ìlú, tí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà ní Òpópónà Martins láti ọdún 1894. Àwọn ilé tí kò lórúkọ náà sì wà, bí i ti ẹbí yín, tí kì í sí nínú ìwé kankan, tó jẹ́ pé ojú fèrèsé òkè nìkan ni ènìyàn fi ń dá wọn mọ̀ nítorí pé pátákó àwọn onísọ́ọ̀bù ti bo ìsàlẹ̀ wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé ilé amọ̀ lásán ni. Àwọn Àgùdà tó padà dé yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé bọ̀. Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ ilé ìjọ Holy Cross ti ìgbà àkọ́kọ́, ní nǹkan bí ọdún 1881, kí èyí tó wà níbẹ̀ lónìí tó rọ́pò rẹ̀. João Baptista da Costa ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey fún Mohammed Shitta, ọmọ Sàró tí ọba Ọtománì fi oyè Bey dá lọ́lá. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ló gbé ilé ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ró. Àwọn ọmọ Èkó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn yẹn kọ́ ẹlòmíràn, títí iṣẹ́ náà fi kan ẹni tó kọ́ bàbá mi. Bí mo bá rí òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ ya sí orí ẹnu fèrèsé, mo mọ̀ pé ẹnì kan dúró lórí pákó fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó jáde bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin alájà márùn-ún yín kò ní kọ́ irú rẹ̀ padà fún yín.

* * *

Ẹnì kan béèrè ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ òrùlé. Mo fẹ́ fi ara balẹ̀ ṣàlàyé èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń fi owó tiwọn pa ilé tiwọn.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn, òmíràn jẹ́ bíríkì amọ̀ sísun. Wọn kò fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ìkarahun ni wọ́n ń sun títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú funfun, wọ́n á pò ó mọ́ iyanrìn, òun ni wọ́n á sì fi rẹ́ ògiri. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ènìyàn kì í gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí ó tó kan omi. Ògiri ń fa omi yẹn mu láti ìsàlẹ̀ nígbà òjò, yóò sì tú u jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ìrẹ́lé àtijọ́ yẹn kò dí i lọ́nà. Bí ẹ bá wá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, omi yóò máa wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ní ọdún 1987, wọ́n pe bàbá mi sí ilé kan lẹ́yìn Campos Square. Onílé ti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún kọngílá kan, ẹni náà sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ìsàlẹ̀ ilé, inú àti ìta. Ó le bí òkúta, ó ń dán, gbogbo ẹbí sì dúpẹ́. Òjò ọdún kẹta ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Bàbá mi fi eegun ìka kan ògiri náà láti ẹnu ọ̀nà lọ, ó ń fetí sí i bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé àgbà. Nígbà tó dé igun yàrá ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà, ó dún bí igbá òfìfo. Ó ti ẹnu ọ̀bẹ bọ ojú ibi tó sán, ó ré sìmẹ́ǹtì tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì kúrò, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì rọra ṣàn sílẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ó bù díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó tutù. Nígbà tó gbẹ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, iyọ̀ hàn lójú rẹ̀, wínníwínní bí ìyẹ̀fun. Ògiri tó ti dúró láti ìgbà tí ìyá ìyá onílé náà wà lọ́mọdé, sìmẹ́ǹtì ọdún mẹ́ta péré ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Wọ́n wó apá yẹn ṣáá ni. Mo rántí pé onílé náà jókòó sórí àga ní àgbàlá, kò sì sọ ohunkóhun títí a fi kó pákó wa lọ.

Ti òkè náà burú. Bí páànù bá lu ní ibì kan ṣoṣo, omi yóò máa kán sí orí ògiri láti òkè, ti ilẹ̀ yóò sì máa gòkè bọ̀, wọn yóò pàdé láàárín. Ibẹ̀ ni ògiri ti ń yọ ikùn. N kò tíì rí ilé yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo òkè ibi tí ògiri ẹ̀yìn ti wú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ẹ ó bá páànù tó ti lu tàbí gọ́tà tó ti já níbẹ̀. Ẹ tún wo bí ọ̀dán kékeré bá ti hù láàárín ògiri. Ẹyẹ ló ń su èso rẹ̀ síbẹ̀. Ewé mẹ́rin ló máa ń kọ́kọ́ yọ, ọmọdé lè fà á tu. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, gbòǹgbò rẹ̀ yóò ti wọ inú bíríkì, ẹni tó bá sì fà á nígbà náà yóò fa ògiri mọ́ ọn ni. Ẹ gé e, ẹ má fà á.

* * *

Sí ẹni tó ní èmi yóò pa ènìyàn pẹ̀lú ìmọ̀ràn mi, tó sì mẹ́nu ba Ìta Fàájì.

Ojú mi rí ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní òkè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, ó kéré tán ènìyàn 20 ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Kò sí òbí kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí oúnjẹ rọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ilé bulọ́ọ̀kù àti kọnkéré nìyẹn, kì í ṣe ilé Àgùdà. Ẹ má fi òkú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn wó ilé tí kò pa wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kàn mí ni ògiri tó yọ ikùn. Bí ènìyàn bá ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, kí ó kó jáde lónìí, kí a tó sọ ọ̀rọ̀ ìtàn kankan.

* * *

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìwé tí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá yín fẹ́ fọwọ́ sí. Ohun kan wà nínú ìbéèrè yín tí àwọn tó dáhùn fò dá. Ẹ ní bàbá ńlá ìyá yín ló kọ́ ilé náà. Ṣé ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá ńlá yẹn bí? Bí ó bá bí ju ẹyọ kan lọ, a jẹ́ pé àwọn ọmọ mẹ́fà ti bàbá ìyá yín kì í ṣe gbogbo ẹni tó ni ilé. Àwọn ọmọ àwọn arákùnrin àti arábìnrin bàbá wọn wà níbì kan, ó lè jẹ́ Yábàá, ó lè jẹ́ Kútọnu, wọ́n sì ní ìpín.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, olórí ẹbí kò lè dá ilé ẹbí tà. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn àgbà láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, kò fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n fagi lé e. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé ni àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ ìpín bá dé. Suberu Dáwódù ti Èkó kú, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n sì ń jà bóyá ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín ogún rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà mẹ́rin, tàbí orí-òjorí, ìyẹn ọ̀nà mẹ́sàn-án, ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ìpín tirẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1962 ni wọ́n sì tó parí rẹ̀ níbẹ̀: ìdí-igi ni àṣà, orí-òjorí sì wà fún ìgbà tí ìjà bá wà tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ló tọ́. Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó. Ní gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ ilé bá wà ní kọ́ọ̀tù, ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ná owó sórí òrùlé tí ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ti tún ilé mẹ́ta ṣe tó jẹ́ pé ẹjọ́ ẹbí ló ba òrùlé wọn jẹ́ ju òjò lọ.

Fúláàtì mẹ́rin tí ọkùnrin yẹn ṣèlérí ńkọ́? Ẹ̀ka mẹ́fà ni ẹ jẹ́, kí a tó ka àwọn ará Kútọnu mọ́ ọn. Ẹ̀ka wo ni kò ní gba fúláàtì? Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá yín dáhùn ìyẹn kí wọ́n tó mú bírò.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n dáná sun Kọ́ọ̀tù Gíga tó wà ní Ìgbóṣeré ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìwé ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ẹbí jóná síbẹ̀. Mo mọ ẹbí kan tó jẹ́ pé ẹ̀dà tí ìyá àgbà kan tọ́jú sínú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nìkan ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹ wá ìwé ilé yín. Ẹ ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta tí kò gbé inú ilé kan náà.

* * *

“Kí ìjọba gbà á, kí wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.” Ènìyàn mẹ́rin ló ti sọ èyí, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ẹni tó ń béèrè nínú, nítorí pé kò ní gbé e dé ibì kankan kí òjò tó dé.

Àwọn àpẹẹrẹ tí ẹ mú wá dára, ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n dáadáa. Jaekel House ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta jẹ́ ilé ọdún 1898, ẹgbẹ́ Legacy tó ń jà fún ilé àtijọ́ sì bá wọn tún un ṣe, ó sì rẹwà. Rélùwéè nìkan ló ni ín. Onílé kan ṣoṣo ló fọwọ́ sí i, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Ọgbà Freedom Park ní Òpópónà Broad náà dára, mo ti jókòó níbẹ̀ rí, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti há Herbert Macaulay mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wó ilé ẹ̀wọ̀n yẹn tipẹ́ kí wọ́n tó ṣí ọgbà náà ní ọdún 2010. Ògiri tó yí i ká àti ìrántí àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n ló kù. N kò lè ka ìyẹn mọ́ ilé tí a gbà là.

Àwọn tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey àti Kàtídírà ti Màrínà. Ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ tó kéde mọ́ṣáláṣí yẹn ní ohun ìrántí. Láti ọdún 1894 títí di ìgbà náà, ta ló mú un dúró? Àwọn tó ń kírun níbẹ̀ ni. Bí ó bá jò ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á rí i ní ọjọ́ Ẹtì. Kàtídírà náà rí bẹ́ẹ̀: ọdún 1925 ni ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọdún 1946 ni wọ́n parí rẹ̀, ìjọ ló sì ń wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà, tí ojú wọn ń rí òrùlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilé tí wọ́n ń lò ni wọ́n ń tọ́jú. Bí ẹ bá ti ilé yín pa kí ó lè di ohun ìrántí, ẹ ti pa á nìyẹn.

Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ rèé. Ìsàlẹ̀ ilé tó kọjú sí títì ní Bámgbóṣé kì í wọ́n oníbàárà. Mo bá ẹbí kan ṣiṣẹ́ tó fi yàrá méjì iwájú rẹ́ǹtì fún àwọn tó ń ránṣọ, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹbí pé owó ọdún méjì àkọ́kọ́ kò ní kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni, òrùlé ni. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé yẹn. Àbúrò kan dìde jáde. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún kejì, páànù tuntun wà lórí ilé, àbúrò náà ló sì ń mú àwọn àlejò rẹ̀ wá wò ó. Bí ọkùnrin fúláàtì yín bá fẹ́ kọ́lé ní tòótọ́, ẹ bi í bóyá yóò kọ́ èyí tó mọ níwọ̀n sí àgbàlá ẹ̀yìn, kí ó fi ilé iwájú sílẹ̀, kí títún un ṣe sì wà nínú àdéhùn. Bí ó bá kọ̀, ẹ ti mọ̀ pé ilẹ̀ nìkan ni ó ń wò.

Ẹ tún lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, kí ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ohun ìrántí sọ̀rọ̀, kí ẹ béèrè bóyá ilé yín wà nínú ìwé wọn. Láti ọdún 1979 ni òfin ti gbé iṣẹ́ yẹn lé àjọ náà lọ́wọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Bí ilé yín bá wà nínú ìwé, ọkùnrin yẹn kò lè fi ọ̀sán wó o láìrú òfin, ó sì yẹ kí olórí ẹbí mọ̀ pé orúkọ òun ni yóò wà lórí ìwé àdéhùn náà, kì í ṣe ti ọkùnrin yẹn nìkan.

* * *

Mo ti rí ìdáhùn yín, àti àwòrán márùn-ún tí ẹ fi sí i. Ẹ ṣé tí ẹ ti kó ìyá àgbà kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. Inú mi dùn pé olórí ẹbí ti gbà kí ọ̀rọ̀ náà dúró títí àwọn ará Kútọnu yóò fi dé ìpàdé.

Nínú àwòrán kẹta, mo rí i pé sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri náà, ó sì ga tó ìbàdí ènìyàn. Ta ló ṣe é kò jẹ́ nǹkan mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù gbá a kúrò lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa ré e, lẹ́yìn tí a bá ti fi igi ti ògiri náà láti ìta. Ní òkè àwòrán kan náà, gọ́tà ti já, òpó omi rẹ̀ sì ń rọ́ sára ògiri gan-an níbi tó ti wú. Ẹ ra tapólì ní ọ̀la, kí ẹ fi bo apá òrùlé yẹn, kí ẹ so ó mọ́ igi dáadáa nítorí afẹ́fẹ́ òkun. Ẹ fi àgbá kan sí abẹ́ gọ́tà tó já kí omi má baà rọ́ sí ìdí ilé.

Kí ẹ sì so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi kọ́ láti ojú fèrèsé òkè títí dé ilẹ̀, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ògiri ní ibi mẹ́ta, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí iye náà bá yí padà, ẹ pè mí kíákíá, kódà kí ó jẹ́ òru. Bí kò bá yí padà, a ní àkókò díẹ̀.

Èmi àti ọmọ mi tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi yóò wá ní ọjọ́ Sátidé. N kò ní gba owó lórí wíwò. Kí ẹ bá mi wá kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè tó wà ní apá òsì, èyí tí ẹ ní wọn kò ṣí láti ìgbà tí bàbá ìyá yín ti kú, nítorí pé nínú àwòrán kejì mo rí i tí òdòdó orí fèrèsé rẹ̀ ṣì pé, mo sì fẹ́ mọ bóyá igi òrùlé apá ibẹ̀ ṣì gbẹ.